Àìsàn Tí Bàbá Àkàngbé Kọ̀

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni Jemilat dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Àkàngbé ní Mushin. Bàbá yìí ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe, kò sì sóhun tó wà láyé yìí tí kò mọ̀, tàbí kí n sọ pé kò sóhun tó gbà pé òun ò mọ̀. Jemilat gbé aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ sínú báàgì, ó gbé ìpayà sáyà. Ọ̀la ni wọ́n máa tún un dán wò nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, lórí bí wọ́n ṣe ń bi aláìsàn léèrè ohun tó ń ṣe é. Ó ti fìdí rẹmi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á dá a padà sáàárín àwọn tó ń pè é ní àǹtí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó kúnlẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó.

"Òo, Àṣàkẹ́. O ò ní ráhùn. O ò ní jìnnà sí oore. Ọkọ rere, ọmọ rere, ilé tó ní fèrèsé dáadáa, tó jẹ́ pé èmi ni màá kàn án."

"Àmín, Bàbá. Àmín. Iṣẹ́ kan ni mo wá bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe aláìsàn."

Bàbá ń fi sánpépà ra ara bẹ́ẹ̀dì kan tí tọkọtaya tuntun máa wá gbé láàárín ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kí ni mo fẹ́ bá ọ ṣe?"

"Aláìsàn, Bàbá. Ẹ máa dùbúlẹ̀, màá bi yín ní ìbéèrè, ẹ̀yin náà á dá mi lóhùn. Eré ni. Àwa ọmọ kíláàsì la ti ń dán ara wa wò láti ọjọ́ yìí, gbogbo wọn ló sì mọ ìdáhùn tó wà nínú ìwé. Ẹni tí ò mọ ìwé náà rárá ni mo ń wá."

"O wá síbi tó yẹ." Ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀. "Kí ló wà nínú kéèyàn dùbúlẹ̀? Ìyẹn náà la ń pè ní iṣẹ́?" Ó gun orí bẹ́ẹ̀dì tí kò tíì ní mátíráàsì, ó na gbọọrọ, ó wá mi ara rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó mi ara rẹ̀ sósì. "Gbọ́ ọ. Ṣé ó dún? Kò dún. Bẹ́ẹ̀dì tí mo bá kàn kì í sọ̀rọ̀ tọkọtaya síta."

Jemilat wọ aṣọ funfun, ó túnhùn ṣe. "Ẹ káàsán sà. Orúkọ mi ni Nọ́ọ̀sì Jemilat. Kí ló ń ṣe yín?"

"Kò sóhun tó ń ṣe mí."

"Bàbá."

"Kò sóhun tó ń ṣe mí, kò sì sóhun tó máa ṣe mí. Kokooko lara ọta le."

"Bàbá, eré là ń ṣe."

"Ṣé àìsàn mọ eré ni? Ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ẹ́ lójú títì, ó gbọ́ tí Àkàngbé ń pe orúkọ rẹ̀, ó ní, 'Ta ló ń pè mí?' Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bi mí ní nǹkan mìíràn."

"Kò sí nǹkan mìíràn, Bàbá. Ìbéèrè yẹn gan-an ló gbé mi ṣubú nígbà yẹn."

"Báwo ló ṣe gbé ọ ṣubú?"

Ojú ń ti Jemilat, ó ń ká etí aṣọ rẹ̀. "Wọ́n mú bàbá arúgbó kan wá, wọ́n ní kí n bi í léèrè. Mo kúnlẹ̀, mo ní, 'Báwo lara yín, sà?' Ó ní, 'A dúpẹ́, ara le.' Mo ní, 'Ọlọ́run ṣeun, sà. Ẹ máa lọ sílé.'"

"O ṣe dáadáa."

"Bàbá, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú báńdéèjì títí dé orúnkún."

"Ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ìwọ, ẹnu lo bi."

"Ọ̀gá tó ń dán wa wò ní òun ti ń rí nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú aláìsàn, òun ò tíì rí èyí tó ń lé wọn."

"Ọ̀gá yẹn ni kò gba ẹ̀kọ́ ilé. Kí ló fẹ́ kí àgbàlagbà sọ lójú gbogbo èèyàn? Kó máa ké pé ara òun ò yá, kí àwọn tí ò fẹ́ràn rẹ̀ lè rí nǹkan fi jẹ̀bà lálẹ́?" Bàbá dìde jókòó, ó tẹ̀ba, ó fa píọ́ wọ́tà kan jáde lábẹ́ bẹ́ńṣì, ó fi eyín já etí rẹ̀, ó fà á tán. Ó já òmíràn, ó fa ìyẹn náà tán. "Dúró ná, mò ń bọ̀."

Ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lọ. Nígbà tó máa padà dé, ó ń so ṣòkòtò rẹ̀.

"Níbo la bá ọ̀rọ̀ dé?"

"Ibi tí ẹ ti ní kò sóhun tó ń ṣe yín."

"Ó dáa. Torí pé ọmọ àbúrò mi ni ọ́, màá bá ọ gba díẹ̀ níbẹ̀. Mú èyí tó kéré wá."

"Ibà ńkọ́?"

"Ibà tó ń gbé géńdé ṣánlẹ̀? Ó pọ̀ jù. Dín in kù."

"Inú rírun."

"Inú wo? Inú tí mo ń dá ẹ̀bà sí? Kúrò níbẹ̀."

"Orí fífọ́, Bàbá. Díẹ̀ péré."

"Orí mi ló ń bọ́ mi. Mi ò lè fi orí ṣeré. Máa bọ̀ nílẹ̀, máa bọ̀ nílẹ̀."

"Ẹ̀yìn ríro."

"Káfíńtà tí ẹ̀yìn ń ro, ta ló máa gbéṣẹ́ wá fún un? Rọra sọ̀rọ̀ náà, oníbàárà ń kọjá."

Ọ̀rọ̀ náà ti ń sú Jemilat. Kò tíì lọ sọ́jà rí kó ná ọjà tó báyìí, bẹ́ẹ̀ ọjà tí kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń tà yìí. "Ọ̀fìnkìn, Bàbá. Ọ̀fìnkìn lásán."

Bàbá wòkè, ó wolẹ̀. "Ṣé kò ní sọ̀ kalẹ̀ sáyà?"

"Kò ní sọ̀ kalẹ̀ sáyà."

"Màá sín lẹ́ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Aláìsàn wo ló ń sín lẹ́ẹ̀kan, Bàbá?"

"Ibi tí agbára mi mọ nìyẹn. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, yà sọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú."

Jemilat gbà. Bàbá tún dùbúlẹ̀, ó dijú, ó fa imú, ó sín ẹyọ kan tí kò lè jí ọmọ tuntun lójú oorun. Kí nọ́ọ̀sì tó lanu, ó ti fò dìde. "Ó ti lọ. Ara ti yá. Nọ́ọ̀sì, o ṣeun, ọwọ́ rẹ dáa. Ìdánwò ti parí, o ti yege."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Jemilat. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín lórí ìjókòó náà títí omi fi jáde lójú rẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ̀rín tán, omi ojú ò tán. Ẹ̀rù ń bà á lóòótọ́.

"Bàbá, bí mo bá tún ṣubú lọ́la, ọdún kan gbáko ni. Ameenah tí mo ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn á wá di ọ̀gá mi. Màámi sì ti sọ fún gbogbo ọlọ́jà Ọ̀yìngbò pé ọmọ òun ti di nọ́ọ̀sì. Mi ò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́, ṣe ni wọ́n ń ká aṣọ sókè pé kí n fún àwọn lábẹ́rẹ́."

Bàbá Àkàngbé lè fara da òjò, ó lè fara da oníbàárà tó ń parọ́, ṣùgbọ́n kò lè fara da ẹkún ọmọ yìí. "Má sunkún sínú ìyẹ̀fun pákó, á lẹ̀ mọ́ ọ láṣọ. Kí la wá fẹ́ ṣe sí i?"

Jemilat nu imú, ó ronú. "Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ni nǹkan ń ṣe. Kẹ́ ẹ kàn máa gbẹnu sọ fún un."

"Ta ni? Mi ò lè gbé àìsàn lé ọmọ ọlọ́mọ lórí."

"Ẹni tí kò sí rárá."

"Ará ibo ni ẹni tí kò sí rárá?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ṣe ará Ògbómọ̀ṣọ́."

"Ìlú mi? Kí wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́ nípàdé? Fi ṣe Ìjẹ̀bú."

"Bàbá, ọmọ Ìjẹ̀bú ni bàbá mi."

"Mo kúkú mọ̀. Ìdí tí mo fi dárúkọ ẹ̀ nìyẹn."

"Bàbá!"

"Ó ti tó, ó ti tó. Ìdó ni kó wà. Rélùwéè ló gbé e wá síbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wọkọ̀, kò sẹ́ni tó mọ àwọn èèyàn rẹ̀. Ọkùnrin Ìdó. Bí àìsàn bá ń wá a, kó máa wá a lọ sí Ìdó."

Ọ̀rọ̀ di àdéhùn. Bàbá tún fa píọ́ wọ́tà kan mu, ó tún yà sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó padà wá, ó dùbúlẹ̀ nígbà kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí kò mi bẹ́ẹ̀dì wò.

"Ẹ káàsán sà," ni Jemilat wí. "Kí ló ń ṣe ọkùnrin Ìdó?"

"Há, ọmọ mi." Bàbá mí kanlẹ̀. "Kí ni kò ṣe é?"

Jemilat fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sí ijó. "Ẹ máa wí, sà. Mò ń gbọ́."

"Òùngbẹ ni. Á mumi, mumi, ikùn rẹ̀ á le bí ìlù, ọ̀nà ọ̀fun á ṣì gbẹ. Bó bá sì ti mu ún tán, ẹ̀yìnkùlé ló kàn. Kò lè sun oorun àsùnwọra mọ́. Gbogbo ayálégbé ló ti mọ ìró sílípáàsì rẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń bá àwọn ṣọ́ ilé."

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀, sà?"

"Nígbà tí àgbàdo ṣì wà lójú pópó."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Síbẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ ló ń tóbi sí i."

Jemilat ò rántí ìwé mọ́. Ìbéèrè ń wá fúnra wọn, ọ̀kan ń fa èkejì, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun ti wá mọ iṣẹ́ yìí ṣe wàyí. "Ojú rẹ̀ ńkọ́, sà? Ṣé ó ń ríran?"

"Ojú ń ṣú u. Bó bá fi pẹ́ńsù fa ìlà sórí pákó, ìlà á di méjì. Kò mọ èyí tó máa fi ayùn tẹ̀ lé."

"Ayùn?" Ohùn Jemilat lọ sílẹ̀. "Bàbá, kí ni ọkùnrin Ìdó ń fi ayùn ṣe?"

Bàbá la ojú kan. "Káfíńtà ni."

"Káfíńtà?"

"Ṣé Mushin nìkan ni wọ́n ti ń kan nǹkan ni? Béèrè ìbéèrè, nọ́ọ̀sì. Má fi àsìkò aláìsàn ṣòfò."

Ojú Jemilat lọ sábẹ́ bẹ́ńṣì. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà tó wà níbẹ̀ ṣù jọ gègèrè. Àtìgbà tó ti dé ló ti ń wo Bàbá tó ń mumi, tó ń gbẹ̀yìn lọ, ó sì rò pé oòrùn ló fà á. Ó mọ ohun tí wọ́n ń pe nǹkan yìí nílé ẹ̀kọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ní Yorùbá: ìtọ̀ ṣúgà ni. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè ṣèèṣì pe "ẹ̀yin" báyìí, Bàbá á fò dìde, á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ọkùnrin Ìdó á sì wọ rélùwéè padà síbi tó ti wá. Jemilat ò kúnlẹ̀, kò sunkún. Ó rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì.

"Ṣé ó ku nǹkan kan tí ọkùnrin Ìdó ò tíì sọ fún mi, sà?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Ti òsì. Ìṣó gún un nísàlẹ̀, kò mọ̀. Ó fi ìṣó rìn délé. Ìgbà tó bọ́ sílípáàsì ló tó rí ẹ̀jẹ̀." Bàbá gbé ọwọ́ lé ojú. "Ìyẹn ló ń bà á lẹ́rù jù. Láti kékeré ló ti ń kan ìṣó, Àṣàkẹ́. Ó mọ bí ìṣó ṣe ń dun èèyàn."

"Kí ló dé tí kò lọ sí ọsibítù?"

"Torí wọ́n máa sọ ọ́. Nígbà tí wọn ò tíì sọ ọ́, kò tíì jẹ́ tiẹ̀. Dókítà kàn fẹ́ lanu báyìí ni, orúkọ yẹn á lẹ̀ mọ́ ọn lára bíi gọ́ọ̀mù."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ máa ń pa á lówe fún wa pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"Èmi ni mo pa á. Ọkùnrin Ìdó ni kò gbọ́."

Jemilat fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó ti bá wọn wọ wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹlẹ́sẹ̀ ṣúgà, ó ti rí ibi tí aṣọ ìbora ti pẹlẹbẹ níbi tó yẹ kí ẹsẹ̀ wà. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó kó òwú àti báńdéèjì jáde. "Ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ náà, sà. Wọ́n lè ní kí n di egbò lọ́la. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọkùnrin Ìdó kọ́wọ́."

Bàbá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún ti sílípáàsì òsì bọ́ sílẹ̀. Egbò náà kò tóbi, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dáa. Jemilat fọ̀ ọ́, ó nù ún, ó fi òwú tẹ inú rẹ̀.

"Ṣé ó ń dùn yín, sà?"

"Kò dùn mí."

Láti ọ̀sán ni Bàbá ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Èyí nìkan ló dun Jemilat.

Ó di ẹsẹ̀ náà tán, ó di í dáadáa. "Bàbá, bí mo bá ti ṣe ìdánwò tán lọ́la, mo fẹ́ mú ọkùnrin Ìdó lọ sí ọsibítù. Àmọ́ kò mọ ọ̀nà. Ṣé ẹ máa bá a débẹ̀?"

"Kí n kọ́kọ́ parí bẹ́ẹ̀dì yìí."

"Bẹ́ẹ̀dì ò ní sá lọ. Ẹsẹ̀ ló lè lọ."

Bàbá wo báńdéèjì náà, ó fọwọ́ kàn án bí ẹni tó ń wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún. "Màá bá a sọ ọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó máa gbà. Olóríkunkun ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Jemilat sáré wọ àdúgbò pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Bàbá Àkàngbé ti jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù. Bùbá tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó dé fìlà, ó fi ọ̀pá gígùn kan tó gbẹ́ fúnra rẹ̀ ti itan.

"Báwo ni wọ́n ṣe ṣe?"

"Bàbá, arúgbó ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n tún mú wá. Báńdéèjì yẹn náà. Mo ní, 'Báwo lara yín, sà?' Ó ní, 'A dúpẹ́, ara le.'"

"Èèyàn gidi ni. Mo ti fẹ́ràn rẹ̀."

"Mi ò lé e. Mo fa àga sún mọ́ ọn. Mo rántí ohun tẹ́ ẹ sọ, pé ẹnu ni mo bi, mi ò bi ẹsẹ̀. Mo ní, 'Ẹnu yín ní ara le, sà, mo bá yín yọ̀. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́, kí lòun sọ?' Bàbá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fẹnu sí mi létí, ó ní, 'Nọ́ọ̀sì, tòun ò dáa o.' Ló bá tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá gan-an ò mọ ìgbà tó sún mọ́ wa. Ó ní mo yege. Ó ní ìwé wo ni mo ti rí irú ìbéèrè yẹn."

"Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní ará Ìdó kan ló kọ́ mi."

Inú Bàbá dùn, ó dùn débi pé ó gbàgbé láti ṣàdúrà. Ó kàn gbá ọwọ́ Jemilat mú, ó sì mi ọwọ́ náà títí. Jemilat jẹ́ kó mi ín tán, kó tó béèrè èyí tó bá a sun mọ́jú. "Ọkùnrin Ìdó ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó gbà?"

Bàbá fi ọ̀pá tilẹ̀, ó dìde. "Ó ti múra láti àárọ̀. Ìwọ là ń dúró dè."

Wọ́n jáde sójú títì, Bàbá ń tiro díẹ̀, Jemilat ń rìn ní apá òsì rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ sọdá, ó dá Jemilat lójú pé ó yẹ kóun múra Bàbá sílẹ̀.

"Bàbá, bá a bá débẹ̀, wọ́n máa ní kó bọ́ bàtà. Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n máa wò?"

"Tèmi ni. Mo ti yá a ní tèmi." Bàbá gbé ọ̀pá sókè láti fi dá àwọn ọlọ́kadà dúró, àmọ́ kò tíì sọdá. "Ṣùgbọ́n bá mi sọ ọ́ fún dókítà kó yé e o, Àṣàkẹ́: ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ ni. Odindi ni mo yá a, odindi ni kó dá a padà fún mi."